Bàbá tó bá mi gé háńdù máṣíìnì oko mi lójú ọ̀nà Ìdànrè

Ẹ̀yin tí ẹ ń gun máṣíìnì wọ oko, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ń ra kòkó lápá Ìdànrè, Ọ̀ǹdó àti Ilé-Olújì, ẹ̀yin ni mo kọ èyí fún. Ó ti pé oṣù mẹ́ta tí bàbá kan ti bá mi gé háńdù máṣíìnì mi, ìyẹn irin tí a ń dì mú láti fi darí rẹ̀, ojoojúmọ́ ni mo sì ń gùn ún. Mo mọ̀ọ́mọ̀ dúró ni, torí pé iṣẹ́ háńdù kì í ṣe ohun tí èèyàn ń yìn lọ́jọ́ tó gbà á. Ó dìgbà tí àpò kòkó bá wà lẹ́yìn yín, tí òjò sì ti pa ilẹ̀, kí ẹ tó mọ̀ bóyá ẹni tó ṣe é mọ iṣẹ́.

Yamaha AG200 ni mo ń gùn. Ẹni tó bá mọ̀ ọ́n mọ̀ pé máṣíìnì àgbẹ̀ ni wọ́n dìídì ṣe é: sítáńdì wà lápá òsì, ó wà lápá ọ̀tún, kí ilẹ̀ tó bá dagun má baà yọ èèyàn lẹ́nu. Irin ìgbẹ́rù wà níwájú, ó wà lẹ́yìn, wọ́n sì bo ṣéènì rẹ̀ kí ẹrẹ̀ má baà jẹ ẹ́. Àlòkù ni mo rà á. Ẹni tó lò ó ṣáájú mi ti yọ háńdù tó bá a wá, ó sì ti fi irú èyí tí àwọn tó ń fi máṣíìnì fò lórí òkìtì ń lò síbẹ̀, alumíníọ́mù tó fẹ̀ ní 82 sẹ̀ǹtímítà láti etí dé etí.

Háńdù tó fẹ̀ bẹ́ẹ̀ ní àǹfààní tirẹ̀, n kò ní bà á jẹ́. Bó bá ṣe fẹ̀ tó ni apá yín ṣe ń lágbára tó lórí táyà iwájú. Ẹrẹ̀ tàbí gbòǹgbò igi kò ní já a gbà lọ́wọ́ yín bọ̀rọ̀. Ní pápá gbalasa, kò sí ẹ̀bi lọ́rùn rẹ̀. Oko kòkó ni kò bá mu. Wọ́n máa ń gba àgbẹ̀ níyànjú pé kí ó fi nǹkan bíi mítà mẹ́ta sáàárín igi kan sí èkejì, àmọ́ àwọn oko tí bàbá àwọn èèyàn gbìn sílẹ̀, ẹni tó gbìn wọ́n kò na okùn. Igi méjì á dúró ti ara wọn bí ìbejì, ẹ̀ka wọn á tẹ̀ wálẹ̀, àárín wọn gan-an ni ọ̀nà ẹsẹ̀ á sì gbà kọjá.

Nínú oṣù Kẹwàá, nígbà tí kòkó ń jáde dáadáa, mo ń bọ̀ láti àbà kan lẹ́yìn Aládé, etí háńdù apá ọ̀tún gbá igi. N kò sáré o. Háńdù yí mọ́ mi lọ́wọ́ lójijì, ọmọńdinrín mi há sáàárín irin àti èèpo igi, máṣíìnì sì dà sápá kejì pẹ̀lú àpò kòkó tó wúwo tó kílò 64 lẹ́yìn rẹ̀. Àpò ya. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣa kòkó gbígbẹ nínú ewé jíjẹrà, ẹ̀jẹ̀ ń kán láti ìka mi, títí ilẹ̀ fi fẹ́ẹ̀ ṣú. Èyí tí n kò rí ṣa lọ́jọ́ náà, owó mi ló bá a lọ.

Ọjọ́ kejì ni mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì kan tí kò jìnnà sí mi. N kò ní dárúkọ rẹ̀, n kò sì ní sọ ibi tó wà. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ṣé kí n gé e dáadáa?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó mú ẹ̀rọ tí àwọn wẹ́dà fi ń gé irin, kò sì tó ìṣẹ́jú márùn-ún tó ti parí. Mo sanwó, mo dúpẹ́. Ìgbà tí mo délé ni mo tó fi tépù wọ̀n ọ́n láti àárín gbùngbùn: 4 sẹ̀ǹtímítà ló gé kúrò lápá òsì, 2.5 ló gé lápá ọ̀tún.

Ẹlòmíràn lè rò pé sẹ̀ǹtímítà kan àtààbọ̀ kò tó nǹkan. Lórí ọ̀dà títẹ́jú, ẹ lè má tètè mọ̀. Ṣùgbọ́n lójú ọ̀nà oko, a kì í jókòó pẹ́; a máa ń dìde dúró lórí ìtẹ̀sẹ̀ kí orúnkún lè gba ìjà náà jẹ. Bí mo bá ti dìde báyìí, èjìká òsì mi á wọlé, tọ̀tún á jáde, gbogbo ara mi á dà bí ẹni tó ń yọjú wo ẹ̀yìn ilẹ̀kùn. Kí ọ̀sẹ̀ kejì tó parí, abẹ́ èjìká mi ọ̀tún ti ń ta mí ní alaalẹ́.

Ohun tó burú ju ìyẹn lọ ṣì wà níbẹ̀. Ọmọkùnrin náà kò fá etí irin tó gé. Alumíníọ́mù tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ gé máa ń hu eyín wínníwínní sí etí. Bí ẹ bá fi ìka kàn án, á ge yín. Lápá ọ̀tún, orí ibẹ̀ gan-an ni ike tọ́rótù jókòó sí, ìyẹn ike inú rọ́bà ọwọ́ tí a máa ń yí bí a bá fẹ́ fún ẹ́ńjìnnì níná. Bí mo ṣe ń yí i, bẹ́ẹ̀ ni eyín irin ń họ inú rẹ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, mo ń sọ̀ kalẹ̀ lórí òkè kan, mo fún un níná díẹ̀ kí n lè la odò kékeré ìsàlẹ̀ rẹ̀ kọjá. Mo dá ọwọ́ padà, iná kò padà. Ẹ́ńjìnnì ń han. Mo di kílọ́ọ̀ṣì, tó ń já agbára ẹ́ńjìnnì kúrò lára táyà, mú gírígírí, mo fi àtàǹpàkò tẹ bọ́tìnì tó ń pa á, mo sì dúró, tí táyà iwájú mi fẹ́rẹ̀ẹ́ kan omi. Mo jókòó sórí òkúta níbẹ̀ títí ọwọ́ mi fi dẹ́kun gbígbọ̀n. Mo ní ọmọ mẹ́ta nílé.

Awakọ̀ tó ń bá wa kó kòkó lọ Àkúrẹ́ ló júwe ṣọ́ọ̀bù tí mo fẹ́ sọ̀rọ̀ rẹ̀ yìí fún mi. Ojú ọ̀nà tó jáde láti Àkúrẹ́ lọ sí Ìdànrè ló wà, lápá òsì bí ẹ bá ń lọ, lábẹ́ igi ọ̀dán. Kò sí pátákó níwájú rẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ ó rí fírémù máṣíìnì méjì tí wọ́n gbé kọ́ sára igi náà.

Bàbá tó ni ibẹ̀ ti lé lọ́gọ́ta ọdún dáadáa. Mo dọ̀bálẹ̀ kí i, mo ro ẹjọ́ mi. Kò tilẹ̀ wo háńdù, èmi ló ń wò. Ó ní, "Jókòó lé e kí n rí ọ." Mo jókòó. "Ó yá, dìde dúró lé e." Ọmọṣẹ́ rẹ̀ di máṣíìnì mú kí ó má baà ṣubú. Bàbá rìn yí mi ká, ó fọwọ́ kan ìgúnpá mi méjèèjì, ó sì ní kí n sọ̀ kalẹ̀, kí n tún dọ̀bálẹ̀.

Ó ní, "Kì í ṣe ti ìkíni o, ọmọ mi. Fi ọwọ́ méjèèjì ti ilẹ̀ bí ẹni fẹ́ gbé ara rẹ̀ sókè. Ibi tí agbára rẹ bá ti pọ̀ jù ni kóo gbé wọn sí."

Ìgbà mẹ́ta ni mo ṣe é lórí páálí. Bí mo bá ti gbé ọwọ́ kalẹ̀, á fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ẹ̀gbẹ́ ìta àtẹ́lẹwọ́ mi lápá méjèèjì, á sì fi tépù wọ̀n ọ́n. Àkọ́kọ́ jẹ́ 75 sẹ̀ǹtímítà, èkejì 77, ẹ̀kẹta 76. Ó fi ṣọ́ọ̀kì kọ 76 sára táǹkì epo mi.

Ó ní, "Èyí ni ti ara rẹ. Ti ọ̀nà rẹ ńkọ́? Igi tó sún mọ́ra jù níbi tóo ń gbà, báwo ni àárín wọn ṣe fẹ̀ tó?"

N kò mọ̀. Ọdún mẹ́fà ni mo ti ń gba ọ̀nà yẹn. Ó ní kí n lọ wọ̀n ọ́n, kí n sì ra háńdù tuntun bọ̀ torí pé ti ọwọ́ mi ti bàjẹ́. Mo bẹ̀ ẹ́ pé kí ó kúkú gé apá ọ̀tún kó bá tòsì dọ́gba. Ó fà mí sún mọ́ ọn, ó fi ìka tọ lífà kílọ́ọ̀ṣì, ìyẹn irin tí a ń fi ìka fà níwájú rọ́bà ọwọ́. Háńdù kì í tọ́ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin: á tẹ̀ lápá méjèèjì, lẹ́yìn títẹ̀ yẹn ni yóò wá tọ́ lọ sétí. Orí ibi títọ́ yìí ni rọ́bà ọwọ́, tọ́rótù, lífà méjèèjì àti àwọn bọ́tìnì gbọ́dọ̀ jókòó sí. Lápá òsì tèmi, lífà ti gun orí ibi tó tẹ̀, bóòtù rẹ̀ kò sì di irin mú yíká mọ́. Mo bi í bóyá wẹ́dà lè jó èyí tí wọ́n gé padà mọ́ ọn. Ó mi orí. Ó ní alumíníọ́mù tí iná bá ti kàn báyẹn ti sọ agbára rẹ̀ nù, ó sì lè kán sí mi lọ́wọ́ nínú igbó níbi tí kò ti sí ẹni tó máa gbọ́ igbe mi.

Owó iṣẹ́ ni ìbá gbà kí ó gé e bí mo ṣe wí, kí n máa lọ. Kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi lọ́jọ́ náà.

Ẹ jẹ́ kí n yà díẹ̀ sórí ríra háńdù, torí wọ́n fẹ́rẹ̀ẹ́ ta èyí tí kò bá tèmi mu fún mi. Àárín rẹ̀ ni kí ẹ wọ̀n, níbi tí irin orí fọ́ọ̀kì, ìyẹn ẹsẹ̀ méjì tó di táyà iwájú mú, ti ń dì í mú. Oríṣi méjì ló wọ́pọ̀. Ọ̀kan nípọn ní nǹkan bíi 22 mílímítà láti etí kan dé èkejì. Èkejì nípọn ní 28.6 láàárín, ó sì ń tín-ín-rín lọ títí tí etí rẹ̀ náà fi di 22. Rọ́bà ọwọ́ kan náà ló ń wọ àwọn méjèèjì, èyí ló ń tan èèyàn jẹ. Èyí tó sanra láàárín lágbára jù lóòótọ́, ṣùgbọ́n tèmi kò lè gbà á láìjẹ́ pé mo pààrọ̀ ohun tó ń dì í mú. Mo ra onírin, oní 22, tó fẹ̀ ní 80 sẹ̀ǹtímítà, ní ₦17,000. Onírin wúwo ju alumíníọ́mù lọ, mo mọ̀, àmọ́ bí mo bá ṣubú á tẹ̀ kó tó kán, n ó sì lè gùn ún délé.

Mo lọ wọn igi mi. Ibi tó há jù jẹ́ 88 sẹ̀ǹtímítà. Ẹ bá mi ṣírò rẹ̀: pẹ̀lú háńdù tó fẹ̀ ní 82, sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta péré ló ṣẹ́kù fún mi lápá kọ̀ọ̀kan, irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ létí háńdù tún ti gbà lára rẹ̀. Àṣé iṣẹ́ ìyanu ni mo ti ń ṣe láti ọdún mẹ́fà.

Nígbà tí mo padà dé, Bàbá kò gé háńdù náà lọ́jọ́ yẹn. Ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo èyí. Ó de háńdù mọ́lẹ̀, ó wá ti ohun gbogbo wọlé ní 2 sẹ̀ǹtímítà lápá kọ̀ọ̀kan: rọ́bà ọwọ́, tọ́rótù, lífà, bọ́tìnì. Etí irin yọ jáde lápá méjèèjì. Ó fi rọ́bà dí ojú páìpù náà kí ó má baà gún mi bí mo bá ṣubú, kò sì tíì gbé irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ padà. Ó ní kí n lọ gùn ún fún ọjọ́ méjì, kí n rọra máa lọ, kí n má sì gba àárín igi ìbejì yẹn. Bí apá bá dùn mí, kí n padà wá kó tì í síta díẹ̀. Ó ní, "Ibi tí mo bá gé é dé, n kò lè so ó padà mọ́."

Mo gùn ún fún ọjọ́ méjì. Lọ́jọ́ kìíní, iwájú rẹ̀ wúwo lọ́wọ́ mi. Nínú ẹrẹ̀, mo ní láti fi agbára yí i ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Lọ́jọ́ kejì, apá mi ti gbà á. Èjìká tó ti ń ta mí kò ta mí lálẹ́ ọjọ́ náà. Mo padà lọ, mo ní kí ó gé e.

Bí ó ṣe gé e rèé. Ó ní kí ọmọṣẹ́ rẹ̀ gbé ọ̀pá afẹ́fẹ́ wá láti ọ̀dọ̀ fọkanáísà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ó ki ẹnu rẹ̀ sábẹ́ rọ́bà ọwọ́ òsì, rọ́bà wú bí ikùn ọ̀pọ̀lọ́, ó sì yọ láìya. Ó wọn háńdù láti àárín gbùngbùn lọ sí etí kọ̀ọ̀kan, ẹ̀ẹ̀mejì ní apá kọ̀ọ̀kan. Ó fi máàkà sàmì, ó wá de kílíǹpù yí irin náà ká lẹ́gbẹ̀ẹ́ àmì. Ayùn irin ọlọ́wọ́ ló lò, eyín rẹ̀ wẹ́, ó sì jẹ́ kí ó máa fara ti kílíǹpù yẹn títí tó fi já, kí ojú ibi tó gé má baà dagun. Ó fi fáìlì fá etí rẹ̀ lóde, ó fi fáìlì roboto fá a nínú, ó fi sáńdípépà pa á, ó sì fi aṣọ nù ún. Ó wá di ọwọ́ mi mú, ó fi ìka mi yí etí irin náà ká. Ó yọ̀ bí etí ife tánganran.

Ó to méjèèjì tó gé kúrò sórí tábìlì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Mo fi ojú wò wọ́n, mo fi ìka wọ̀n wọ́n. Ọgbọọgba.

Nígbà tó ń dá tọ́rótù padà, kò fi gíríìsì sí i, ó ní gíríìsì níbẹ̀ ń kó iyanrìn jọ. Ó fi àyè bíi mílímítà mẹ́ta sílẹ̀ láàárín etí rọ́bà náà àti irin tó ń dáàbò bo ọwọ́ kí wọ́n má baà ha ara wọn. Bóòtù lífà, ó dì wọ́n ní ìwọ̀nba, kí lífà lè yí bí mo bá ṣubú dípò kí ó kán. Lẹ́yìn náà, ó kíìkì ẹ́ńjìnnì, ó yí háńdù sósì títí ó fi kọ̀, ó yí i sọ́tùn-ún títí ó fi kọ̀, ó sì ń tẹ́tí. Bí ìró ẹ́ńjìnnì bá lè sókè nígbà tí wọ́n ń yí háńdù, wáyà tọ́rótù ń fà níbì kan nìyẹn. Kò sókè. Ó yí tọ́rótù dópin, ó jọ̀wọ́ rẹ̀, ó padà pẹ̀lú ìró "pá!" Mo ti ń retí ìró yẹn láti ọjọ́ odò yẹn.

₦8,000 ló gbà fún gbogbo rẹ̀, rọ́bà ọwọ́ tuntun méjì wà nínú rẹ̀.

Oṣù mẹ́ta rèé. Mo ń gba àárín igi ìbejì yẹn kọjá láì dúró, láì fi ẹsẹ̀ kan ilẹ̀. Ìbú háńdù tí ọmọkùnrin àkọ́kọ́ gé fún mi jẹ́ 75.5, ti Bàbá jẹ́ 76. Ìdajì sẹ̀ǹtímítà ló wà láàárín wọn lápapọ̀, ọ̀kan sì ń ba ẹ̀yìn mi jẹ́, èkejì dà bí ẹni pé apá mi ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n, torí apá mi náà ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Nínú ẹrẹ̀ jíjìn pẹ̀lú ẹrù lẹ́yìn, mo ṣì máa ń rántí agbára tí háńdù fífẹ̀ fún mi. N kò ní parọ́ pé kò sí ohun tí mo pàdánù. Ẹni tí ọ̀nà rẹ̀ bá jẹ́ ẹrẹ̀ tí kò sí igi, kí ó fi tirẹ̀ sílẹ̀ bó ṣe wà.

Ohun tí kò tẹ́ mi lọ́rùn ní ṣọ́ọ̀bù náà kò pọ̀, àmọ́ ó wà. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni mo lọ, epo àti àsìkò sì jẹ́ owó. Kì í gba ìpè nígbà tó bá ń ṣiṣẹ́, nítorí náà ẹ lè dé kí ẹ bá èèyàn mẹ́rin níwájú yín; lọ́jọ́ gígé, mo dé ní aago mẹ́jọ àárọ̀, aago méjì ọ̀sán ti kọjá kí n tó kúrò. Àga kan ṣoṣo ló wà fún oníbàárà. Rọ́bà ọwọ́ tó fi sí i le jù, ó hu mí ní ìléròrò lọ́sẹ̀ kìíní, mo sì ti fi èyí tó rọ̀ pààrọ̀ rẹ̀. Bí mo bá tún lọ, n ó mú tèmi dání. Kì í ta háńdù, ẹ gbọ́dọ̀ rà á lọ́wọ́ àwọn oníṣòwò ẹ̀yà máṣíìnì kí ẹ tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀.

Ẹ wọn igi yín kí ẹ tó lọ, yóò bi yín. Ẹ wọ ṣòkòtò tó gba ìdọ̀bálẹ̀. Bí ọ̀nà bá jìn tí ẹ kò lè lọ, ẹ kúkú ti lífà àti rọ́bà yín wọlé fúnra yín ní sẹ̀ǹtímítà kan lápá kọ̀ọ̀kan, kí ẹ gùn ún fún ọjọ́ méjì kí ẹnikẹ́ni tó mú ayùn sún mọ́ ọn. Sípánà nìkan ni ìyẹn ń fẹ́. Àwa méjì nínú àwọn tó ń ra kòkó ní àbà wa ti gé tiwa lọ́dọ̀ Bàbá. Ẹnì kẹta ti ti lífà rẹ̀ wọlé láti ọjọ́ Ajé, ó ní èjìká òun kò tíì sọ nǹkan kan.